Òórùn Aṣọ Tó Ń Jó Láìsí Iná

Abẹ́rẹ́ mi, ọmọ tó fi ojú jọ mí tó fi ẹnu jọ ìyá rẹ̀,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àárọ̀ bó bá jẹ́ àárọ̀ ni lẹ́tà yìí bá ọ, mo sì kí ọ kú ìrọ̀lẹ́ bí wọ́n bá jẹ́ kó pẹ́ lọ́nà. Mo kí ọ kú ìrọ́jú ìlú ńlá. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún ọ lọ́wọ́, kò ní jẹ́ kí ọ̀gá rẹ rí àṣìṣe rẹ kó tó rí iṣẹ́ rere rẹ, ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, àmín. Ìyá rẹ dúró sẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, ó ní òun náà kí ọ, ó tún ní kí n má kọ ohun tí yóò bí ọ nínú. Mo ti ní kó lọ jókòó.

Ilé dára. Òrùlé ẹ̀yìn tó ń jò tẹ́lẹ̀ ti ń jò síbòmíràn báyìí, ìyẹn ni pé iṣẹ́ tí káfíńtà ṣe kò lọ lásán. Ajá ti bí mẹ́rin. Onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì ọ̀nà ti ra dígí tuntun tó tóbi tó ilẹ̀kùn, ó sì ti ń gbéraga nítorí rẹ̀. Fi ọ̀rọ̀ dígí yìí sọ́kàn, n ó padà sórí rẹ̀. Fóònù tí o rà fún ìyá rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́. Tí o bá ti fi owó ránṣẹ́ sínú rẹ̀, n kì í jẹ́ kó gbé e dé ìdí omi, bí iná rẹ̀ bá sì fẹ́ kú, ọkàn mi kì í balẹ̀ nítorí owó tó wà nínú rẹ̀. Ó sọ fún mi pé nílé iṣẹ́ tí o wà, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń fún ọ rán láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Ta ló ń rán apá? Bí ẹni tó ń rán apá bá ṣàìsàn, ṣé ọrùn nìkan ni àwọn ènìyàn yóò máa wọ̀ kiri ni? Jọ̀wọ́, dá mi lóhùn lórí èyí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ló mú mi gbé bírò. Mo ṣubú ni. Má fòyà, mo ti dìde, ẹni tí kò bá dìde kì í kọ lẹ́tà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, oòrùn ti mú, mo ń rán síìpù sí ṣòkòtò olùkọ́ kan, ohun tí mo tún mọ̀ ni pé mo wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, eyín mi ti bu ahọ́n mi jẹ, gbogbo ara ń ro mí bí ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì láti àná, onígbàjámọ̀ sì kúnlẹ̀ tì mí, ó ti yí mi sí ẹ̀gbẹ́, ó ti ká aṣọ sábẹ́ orí mi. Ìdajì àdúgbò ló kún ṣọ́ọ̀bù, títí kan oníbàárà rẹ̀ tó ti fá apá kan orí fún tí kò tíì fá apá kejì. Wọ́n ní gbogbo ara mi le gan, lẹ́yìn náà ó ń gbọ̀n, fún bí ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n ní ọkùnrin kan fẹ́ ti ṣíbí bọ̀ mí lẹ́nu, onígbàjámọ̀ gbá a lọ́wọ́, ó ní òun gbọ́ lórí rédíò pé a kì í fi nǹkan kan sí ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti lè bá a jà mọ́ nípa irun tó máa ń gbá síwájú ilé mi.

Wárápá ni orúkọ tí gbogbo wọn pè é. Ìyá rẹ sunkún. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ènìyàn márùn-ún ti wá gba aṣọ wọn padà láìrán, obìnrin kan tilẹ̀ fi igi yọ ti ọkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn tó kù, bí ẹni pé aṣọ náà ló ṣubú. Ó dùn mí, n kò ní parọ́ fún ọ.

A lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà tó rí wa jẹ́ obìnrin, ó wọ awò ojú, mo rò pé o fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé wárápá kì í ràn, kò sí nínú aṣọ, kò sí nínú itọ́, ìyá rẹ sì ní kó jọ̀wọ́ tún un sọ kí òun lè há a sórí fún obìnrin onígi yẹn. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó jẹ́ kí n jókòó dáadáa. Ó ní orúkọ kan ni wárápá, ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo, pé oríṣiríṣi ni, pé bí ènìyàn kò bá kọ́kọ́ ṣà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìtọ́jú rẹ̀ á kàn jẹ́ àfojúbù.

Ṣé ìwọ náà rí i pé ọ̀rọ̀ ti dé ilé mi? Ta ló mọ nǹkan ṣà ju èmi lọ? O mọ àwọn agolo bọ́tìnnì wa: oníhò méjì, oníhò mẹ́rin, onírù tí a ń so láti ẹ̀yìn, àti agolo kẹrin tí a ń kó àwọn tí kò ní ẹlẹ́gbẹ́ sí. Mo ní kó máa sọ̀rọ̀ lọ, mo ń gbọ́.

Ó ní ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ń béèrè ni ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọlọ. Òmíràn ń bẹ̀rẹ̀ láti ìhà kan, òmíràn ń bẹ̀rẹ̀ láti ìhà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, òmíràn sì wà tí àwọn kò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nítorí kò sí ẹni tó rí i. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ìhà kan, àwọn tún ń béèrè bóyá onítọ̀hún mọ ara rẹ̀ nígbà tó ń ṣe é, tàbí kò mọ̀. Àwọn tún ń wo ohun tó kọ́kọ́ yọjú, bóyá apá ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n ni, tàbí nǹkan tí ẹlòmíràn kò lè rí. Ó ní èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ìhà kan lè tàn dé gbogbo orí, ìgbà náà ni ènìyàn á ṣubú. Ó ní irú kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ọmọdé á kàn ranjú sí òfìfo fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, kò ní ṣubú, kò ní gbọ̀n, olùkọ́ á sì nà án pé kò fọkàn sí ẹ̀kọ́. Mo ní ó dà bíi ṣòkòtò tó ya: èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti àpò tó fi ya dé ìdí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó fàya lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí a kò bá sì mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, a ó máa lẹ ibi tí kò yẹ. Ó ní òótọ́ ni, òun á máa fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ẹlòmíràn. Mo ti sọ èyí fún gbogbo àdúgbò.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, mo fara balẹ̀ kọ ọ́. Ibì kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ní kí n má kọ nǹkan kan sí, mo kọ síbẹ̀ pé mo ti rí i, n kò sì ní kọ nǹkan kan. Ibi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣe mí, mo kọ dókítà, nítorí n kò mọ ẹlòmíràn tó lè ṣe nǹkan kan sí i. Nọ́ọ̀sì fagi lé e, ó kọ ìyá rẹ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú mi wọ yàrá kan, wọ́n lẹ wáyà bí ogún mọ́ mi lórí, wọ́n ní ẹ̀rọ kan yóò kọ ohun tó ń lọ nínú ọpọlọ mi sílẹ̀. Ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mo ti ń ránṣọ fún ọgbọ̀n ọdún, tí mo mọ ibi tí gbogbo àjákù aṣọ oníbàárà ń wọlé sí! Mo ní kí n má ro ohunkóhun tí yóò kó mi sí wàhálà, mo ń ka ìwọ̀n àyà àti ìbàdí àwọn ènìyàn nínú ọkàn mi títí wọ́n fi ṣe tán. Nígbà tí ìwé náà jáde, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, ìlà sígísáàgì lásán ni, bí ìgbà tí òwú òkè kò bá ti ìsàlẹ̀ mu. Mo gba ẹni tó ń darí rẹ̀ níyànjú pé kó dẹ òwú òkè díẹ̀ kó sì pààrọ̀ abẹ́rẹ́, ó ní òun dúpẹ́. Dókítà ní òun kò rí nǹkan pàtó nínú rẹ̀, pé wárápá lè fara pa mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wá a, pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń mọ irú rẹ̀ jù bí kò ṣe ẹni tó bá fojú rí i.

Nítorí náà ó ní kí ìyá rẹ fi fóònù ya fídíò mi bó bá tún dé. Mo gẹrun, mo wọ ẹ̀wù mi tó dára jù, mo jókòó sójú ìmọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko, kò dé. Lọ́jọ́ keje tí mo wọ síngílẹ́ẹ̀tì tó ti lu, ó dé. Ìyá rẹ di fóònù mú gírígírí títí ó fi tán, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló kọ ojú fóònù sí, ohun tí dókítà sì rí ni ihò imú ìyá rẹ àti àdúrà gígùn. Ó wò ó tán, ó ní àdúrà náà dára.

Ìbéèrè tó wá le jù ni èyí tó bi mí pé kí ni mo máa ń ṣe kí n tó ṣubú. Mo ní n kò sí níbẹ̀. Ó ní ṣé n kò sí ní ṣọ́ọ̀bù ni? Mo ní mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, èmi gan-an ni n kò sí níbẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá, ó ní ó wúlò púpọ̀. Mo bá mú ìwé pélébé kan, mo ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo ń wádìí ara mi lọ́wọ́ àwọn ènìyàn bí ẹni ń wádìí àlejò. Ó jẹ́ ohun àjèjì fún mi, ṣùgbọ́n mo gbádùn rẹ̀ díẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ló ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó ní òun ti rí mi ṣáájú, ó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ, kì í ṣe ti ìṣubú: mo máa ń dákẹ́ lójijì, ojú mi á ranjú sí ọ̀ọ́kán, ẹnu mi á máa jẹ lófìfo, ọwọ́ mi á sì máa ṣa nǹkan lára ẹ̀wù mi. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní kí ni òun ì bá sọ, télọ̀ wo ni kì í gbé píìnì sẹ́nu, télọ̀ wo ni kì í ṣa òwú lára aṣọ? Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Ká ní awakọ̀ ni mí, wọn ì bá ti mọ̀ lọ́jọ́ kìíní. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló bo àìsàn mi mọ́lẹ̀, tí gbogbo ayé ń kí mi kú iṣẹ́ nígbà tí n kò sí nílé.

Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ kan ló ń bẹ̀rẹ̀ tàbí méjèèjì. Ibí ni dígí ti wọlé. Onígbàjámọ̀ kì í wo ọ̀dọ̀ wa tààrà, orí oníbàárà ló ń kọjú sí, inú dígí ló ti ń rí mi. Ó ní ọwọ́ ọ̀tún ni. A jókòó rò ó dáadáa, a rántí pé dígí máa ń yí ọ̀tún sí òsì, ó ní á jẹ́ pé òsì ni. Mo ní ọwọ́ kejì ńkọ́? Ó ní dígí àtijọ́ kò tóbi tó, ìdajì mi péré ló ń gbà, ọwọ́ kejì kò sí nínú rẹ̀ rárá. Inú bí i, ó ní ká ní òun ti tètè ra tuntun yìí ni.

Nígbà tí a padà dé ilé ìwòsàn, dókítà bi mí bóyá nǹkan kan máa ń ṣe mí tí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò mọ̀. Mo ní rárá. Ó ní bóyá òórùn. Mo ní rárá, àfi òórùn aṣọ tó ń jó, ìyẹn sì jẹ́ ti iṣẹ́, télọ̀ tí kò bá ń gbọ́ òórùn áyọ́ọ̀nù yóò jó ilé ara rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé mo máa ń rí aṣọ tó jó náà.

Abẹ́rẹ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka aṣọ àwọn oníbàárà lọ́kàn mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún mélòó ni mo ti ń gbọ́ òórùn yẹn, n kò rí aṣọ kan ṣoṣo tó jó. Dókítà ní ó lè jẹ́ pé òórùn náà gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé ibi tí ọpọlọ ti ń mọ òórùn ló ti ń ṣẹ́ná, pé ènìyàn á gbọ́ ọ kedere bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan níta. Láti ilé ìwòsàn dé ilé, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ń rò.

O mọ ọjọ́ tí mo ń rò. Ọjọ́ kóòtù tí a rán fún ọ̀gá ilé ìwé ni. Mo gbọ́ òórùn náà, mo sì pariwo pé o ti jó kóòtù, níwájú ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀ àti obìnrin méjì tó wá wọn ara. O yí kóòtù náà síta, o yí i sínú, kò sí ojú iná lára rẹ̀. O ní áyọ́ọ̀nù kò tilẹ̀ gbóná, o ní kí n fọwọ́ kàn án. N kò fọwọ́ kàn án. O ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lo ti pè mí kí n tó pariwo, pé mo ń wò ọ́ lójú tí n kò dáhùn, mo ní o tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo pè ọ́ ní òpùrọ́. Mo ní ọwọ́ rẹ kò lè ṣiṣẹ́ kó dára láyé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, o ti wọkọ̀. Ọdún mẹ́rin rèé, ìyá rẹ nìkan lo máa ń bá sọ̀rọ̀ nínú fóònù, èmi a sì máa ṣe bí ẹni ń wá òwú kí n lè gbọ́ ohùn rẹ.

Bí a ṣe délé, mo lọ fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù náà níbi tó wà. Ó tutù. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù.

Òótọ́ lo sọ. Kò sí aṣọ tó jó. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó, ṣùgbọ́n èyí tí mo sọ nípa ọwọ́ rẹ, mo kó o jẹ. Àgbà sọ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Èmi lo òsì, mo sì gbàgbé pé mo ní ọ̀tún. Mo bẹ̀ ọ́. Ìyá rẹ ní òun kò rí i rí kí n bẹ ẹnikẹ́ni, mo ní kó tún lọ jókòó.

Dókítà kò tíì sọ irú tí tèmi jẹ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé a kò tíì mọ̀. Ó ní òògùn kan wà tó bá èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìhà kan mu, tó sì lè mú òmíràn burú sí i, òun kò fẹ́ fi orí mi dán nǹkan wò. Ó ti fún mi ní òmíràn kí n máa lò ná, ṣùgbọ́n kò tíì tó, nítorí mo tún ṣubú lọ́sẹ̀ tó kọjá. N kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù, n kò gbọdọ̀ dá jókòó ti ẹ̀rọ oníná, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Inú mi kọ́kọ́ bàjẹ́ pé wọ́n fi mí sí àìmọ̀, nítorí onígbàjámọ̀ ń béèrè irú tèmi lójoojúmọ́, n kò sì rí nǹkan sọ fún un. Ìyá rẹ ló rán mi létí agolo kẹrin. Nígbà tí o wà ní kékeré, ìwọ lo bi mí pé kí ló dé tí a kì í da bọ́tìnnì inú rẹ̀ nù, mo sì sọ fún ọ pé wọn kò bàjẹ́, ẹ̀wù wọn ni kò tíì padà wá.

Dókítà bi mí pé ta ló máa ń jókòó kọjú sí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ọmọ mi ni, ọdún mẹ́fà ló fi jókòó síbẹ̀. Ó ní ẹni tí òun ń wá nìyẹn, pé ojú tó rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì ju gbogbo wáyà òun lọ. Ó fẹ́ bi ọ́ bóyá ọwọ́ kan ni tàbí méjì, bóyá mo máa ń dáhùn bí o bá pè mí, àti iye ìgbà tí o ti rí i. Mo ti sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lo pè mí. Ọjọ́ Ajé kẹta oṣù tó ń bọ̀ ni ó ní ká padà wá.

Nípa ti owó, òògùn ń tán lọ, òrùlé ń jò, ajá sì ti di márùn-ún tí wọ́n ń jẹun. Má fi ránṣẹ́ sínú fóònù lọ́tẹ̀ yìí, inú rẹ̀ ti kún fún fídíò imú ìyá rẹ, mo sì ń bẹ̀rù pé kò ní sí àyè. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá. Bí owó kò bá sí, ọwọ́ náà nìkan ti tó.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lọ́nà, ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní dúró sójú títì, àwọn tó ń rán apá kò ní ṣàìsàn lọ́jọ́ tí o bá gba àyè. A kò ní fi ọ́ ṣàwátì, ìwọ náà kò ní fi wá ṣàwátì, àmín.

Áyọ́ọ̀nù ṣì wà lórí tábìlì, lápá ọ̀tún, bí o ṣe fi í sílẹ̀. Ìwọ ni yóò tàn án. Bí mo bá tún gbọ́ òórùn aṣọ tó ń jó, ìwọ ni n ó kọ́kọ́ bi léèrè bóyá nǹkan kan ń jó, bí o bá sì ní rárá, mo gbà.

Èmi ni bàbá rẹ, télọ̀ tó wà nínú agolo kẹrin.